Kànrìnkàn Kejìlá

Mọ́kànlá fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ọyẹ́ mú gan-an, tí Dókítà Matthew Ògúnbáyọ̀ ṣí ẹ̀rọ inú láàbù rẹ̀, tó kó kànrìnkàn méjìlá jáde, tó ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kànrìnkàn tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń wẹ̀ o. Kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ, ó funfun, ó sì fúyẹ́ débi pé bí èèyàn bá sín nítòsí rẹ̀, abẹ́ tábìlì ni wọn yóò ti lọ wá a. Èyí àkọ́kọ́ kò tó ìdajì gíráàmù. Ìkejì bẹ́ẹ̀, ìkẹta bẹ́ẹ̀, títí tó fi dórí ìkọkànlá. Ó gbé ìkejìlá lé e. Òṣùwọ̀n ní ogójì gíráàmù.

Ó gbé e kúrò, ó nu òṣùwọ̀n, ó tún un gbé lé e. Ogójì. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wúwo bí ẹyin adìẹ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ táú. Ó bù díẹ̀ létí rẹ̀, ó fi sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ohun tó rí kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ihò lásán. Kí ló wá ń wúwo nínú ihò? Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ni n'Ìwó níbí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn alápatà, Dókítà Pọ̀nmọ́ ni wọ́n ń pè é, torí awọ màlúù tí wọn ò tíì sun níná ló máa ń wá rà lọ́wọ́ wọn. "Dókítà, ẹ bá kúkú wá ìyàwó tí yóò máa bá yín sè é," ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, yóò gbé awọ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á máa dùn ún títí dé láàbù.

Iṣẹ́ tó ń fi awọ náà ṣe kò ṣòro láti sọ. Yóò rẹ ẹ́ sínú omi kíkan títí ara rẹ̀ yóò fi yọ́, tí yóò ki bí ògì. Yóò dà á sínú àwo kéékèèké méjìlá, yóò gbé e sínú òtútù títí omi inú rẹ̀ yóò fi di yìnyín. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Nínú ẹ̀rọ yẹn, yìnyín kì í yọ́. Kì í di omi rárá. Yóò kàn máa lọ díẹ̀díẹ̀, láìdágbére, títí kò fi ní kù mọ́, ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ ni yóò sì di ihò. Ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi kànrìnkàn náà dí ọgbẹ́ tó kọ̀ tí kò san, ẹran ara ẹni tó ni ọgbẹ́ yóò wọ inú ihò wọ̀nyẹn, yóò máa gbé ibẹ̀, yóò sì fi hù padà. "Ilé là ń kọ́," ni Dókítà máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Ayálégbé ló kù."

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló pa Rìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ló sì fi kọ̀ tí kò jiná, tí ọkọ rẹ̀ ń sáré kọ́ ilé yìí, tí ilé ń wó mọ́ ọn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni kànrìnkàn àkọ́kọ́ tó dúró dáadáa jáde. Ó gbé e sọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò mọ ẹni tí yóò fi hàn. Nínú ọmọ méjì tó bí, ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan wà l'Ábújá. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń pè é lórí fóònù. "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?" Yóò ní òun ti jẹun. Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ohùn fíríìjì nìkan ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó nìkan wà, ó nìkan wà gan-an ni, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ajé tí mo wí yìí, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń yẹra fún un, nítorí àwọn ìyá ìjọ kì í jẹ́ kó jókòó tán kí wọ́n tó máa kí i kú ìrọ́jú. Láàbù ló lọ. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni, gbogbo ọgbà dá páro, ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó ń wo nọ́ńbà tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀. Ni ohùn kan bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, pé, "Àgò onílé o."

"Àgò yà," ni Dókítà dáhùn. "Máa wọlé."

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ìyá àgbà kan n'Ílé-Ogbó ló tọ́ Rìnsọ́lá dàgbà, ó sì kọ́ ọ débi pé kì í wọ yàrá kankan láìkágò, ì báà ṣe yàrá òun àti ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Dókítà fi ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tí ikun ń dà nímú n'Ìwó mọ̀ pé bí wọ́n bá kágò tí a ò rí ẹni tó kágò, à á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná, à á sì panu mọ́. Dókítà náà mọ̀ ọ́n. Ó ti dáhùn kó tó rántí.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ gòkè lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn tó sì rọra tì í, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Eruku tí ọyẹ́ gbé wọlé ló wà nílẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀ àfi tirẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ẹkún ló ń sun. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ò ti kágò fún un.

Nítorí náà, nígbà tó rí ogójì gíráàmù lọ́jọ́ Ajé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó mọ́kànlá sí ibi tó yẹ kó kó wọn sí, ó wé ìkejìlá sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e relé. Orí tábìlì kékeré tó wà ní pálọ̀ ló gbé e lé. Ó jókòó tì í, ojú ara rẹ̀ ń tì í, ó wá fi ohùn kékeré pè é.

"Rìnsọ́lá."

"Mo ń bọ̀."

Bó ṣe máa ń dáhùn láti kíṣìnnì nìyẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ bá kún fún ìyẹ̀fun. Ohùn rẹ̀ ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ níparí. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Kò sí ẹnì kankan ní kíṣìnnì, inú kànrìnkàn ni ohùn ti wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, inú Dókítà dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó tún ń se oúnjẹ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò ròyìn ọjọ́ náà fún un: akẹ́kọ̀ọ́ tó da omi kíkan sí ṣòkòtò ara rẹ̀, ọ̀gá tó sùn lọ nínú ìpàdé, iṣu tó wọ́n jù. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ní, "Dádì, ohùn yín mà yá gágá lónìí." Kò sí ìgbà tó pe Rìnsọ́lá tí kì í dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: mo ń bọ̀. Kò wá. Kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ó tó o. Ẹni tí ebi ń pa kì í wádìí iyọ̀.

Ṣùgbọ́n kànrìnkàn ń wúwo sí i. Kò fẹ̀ sí i, kò ga sí i, gbígbẹ tó gbẹ náà ló ṣì gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dókítà fẹ́ fi ìka méjì gbé e kó lè nu tábìlì, kò lè gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń fọ eyín láàárọ̀ nígbà tó gbọ́ gbà! Ẹsẹ̀ tábìlì ti ṣẹ́, kànrìnkàn ti bọ́ sílẹ̀, táìsì ilẹ̀ pálọ̀ sì ti sán sí méjì. Ohun tí kò ju ìdérí ìgò lọ! Dókítà fi í sílẹ̀ síbi tó bọ́ sí.

Òun náà ń yí padà. Ètè rẹ̀ là. Ó ń mu omi inú ọ̀rá mẹ́wàá, méjìlá lóòjọ́, òùngbẹ kò lọ. Ó gé àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ ò ṣomi. Ó rìn láti géètì dé láàbù nínú oòrùn ọ̀sán, kò làágùn. Ó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì, ó tún lu òmíràn. Ó rò pé àtọ̀gbẹ tó pa ìyàwó òun ló dé bá òun, ló bá lọ sí kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì Zakiyyah gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kò sí àtọ̀gbẹ níbẹ̀ rárá. Ó ní kó gun òṣùwọ̀n. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ìwé, ó tún wo òṣùwọ̀n.

"Dádì, kílò mọ́kànlá ti lọ lára yín láti bí oṣù kan ó lé. Kí lẹ ń rò?"

Dókítà padà sí láàbù. Ó gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn awọ màlúù ní láàbù wá sílé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kànrìnkàn lé e. Kílò mọ́kànlá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wá yé e: omi ara òun ló ń lọ sínú ihò tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe, bó bá sì ń lọ bẹ́ẹ̀, òun yóò kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ó yẹ kó gbé e jù sínú ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣebí yóò nílò ohun tí yóò fi rìn?

"Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni," ó ní, "máa mu ún."

Ó pè é. Ó dáhùn. Ó tún un pè.

Ìyá Àsmá'ù, tó ń gbálẹ̀ láàbù láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, ló kọ́kọ́ dá a dúró. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn láàbù, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Kí ló ń jẹ yín?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá Àsmá'ù."

"Iṣẹ́ wo? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí yín níbi iṣẹ́. Ẹ wo ọrùn yín. Ẹ sọ fún mi."

Kò tíì sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀, tó sì dúró gbọ́ èsì. Ló bá sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó dórí àgò, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ dá a lóhùn?"

"Ẹnu mi ló yá."

"Subuhanallahi! Ilé tẹ́ ẹ kọ́, tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ ò rí wọlé."

"Bó bá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Òkú tó fẹ́ràn ẹni kì í mu ẹni, Dókítà."

Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹnu tó ní kó wọlé náà ni yóò ní kó jáde," ni Ìyá Àsmá'ù wí níkẹyìn. "Èmi ò lè bá yín sọ ọ́, áfáà ò lè bá yín sọ ọ́, pásítọ̀ yín ò lè bá yín sọ ọ́. Ẹ ní kó máa lọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Dókítà wí, òótọ́ ló sì sọ. Bó bá ní kó máa lọ, yóò yè, ilé rẹ̀ yóò sì tún dákẹ́. Àti pé bó bá jẹ́ Rìnsọ́lá ni lóòótọ́ ńkọ́, tó wá jẹ́ pé ẹnu òun lòun fi lé e padà?

"Mo máa bá yín dé ibẹ̀," ni Ìyá Àsmá'ù sọ. "Ẹ ò ní dá nìkan ṣe é."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ kan náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé wọn dé ojú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Nígbà tí wọ́n dé, obìnrin náà bèèrè omi. Ó ní òun ò ní wọ ilé yẹn láìṣàlùwàlá, bí wọ́n bá ti ṣe é tán òun yóò fi kírun. Ó ṣàlùwàlá lẹ́yìnkùlé láìkánjú, ó fa ìborí rẹ̀ sọ́rùn dáadáa, ó tẹ̀ lé Dókítà wọ pálọ̀.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kànrìnkàn wà lórí táìsì tó sán, funfun, kékeré. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìdérí nǹkan kan ló jábọ́. Ìyá Àsmá'ù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ká lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tó bá ti dáhùn, ẹ ní kó máa lọ. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà kúnlẹ̀. "Rìnsọ́lá."

"Mo ń bọ̀."

Kò dùn tó báyìí rí. Dókítà yíjú sí obìnrin náà. Omijé ìbá wà lójú rẹ̀ ká ní omi kù lára rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ, àbí? Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Ṣebí ohùn rẹ̀ nìyẹn?"

Ìyá Àsmá'ù ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń wo kànrìnkàn.

"Ìyá Àsmá'ù?"

"Ismaeel ni," ó ní.

Kí wọ́n tó máa pè é ní Ìyá Àsmá'ù, Ìyá Ismaeel ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ̀ ló pa ọmọ náà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin pe òun. Ó di ọdún kẹsàn-án báyìí, kò sí ẹni tó gbọ́ kó dárúkọ yẹn.

"Ohùn ọmọ mi ni," ó tún sọ. "Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn láti ìta nìyẹn. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Dókítà wò ó, ó wo kànrìnkàn. Ohùn kan ló jáde, èèyàn méjì ló gbọ́ ọ, oníkálukú sì gbọ́ òkú tirẹ̀. Rìnsọ́lá ò sí níbẹ̀. Kò fìgbà kankan sí níbẹ̀. Láti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, ohun tó sì ti ń bọ̀ láti ọjọ́ náà wá, Dókítà ò mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ, nítorí lọ́jọ́ ìsìnkú, èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó mí kanlẹ̀, ó ya ẹnu.

"Máa—"

Ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́ ìgbà tí Ìyá Àsmá'ù rìn dé ẹ̀yìn òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ó ń sọ sí i létí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án o. Ẹ jẹ́ n pè é lẹ́ẹ̀kan péré."

Àtẹ́lẹwọ́ tó fi omi wẹ̀ láìpẹ́ yẹn ti gbẹ, ó ń ha Dókítà létè.

Ó lè ṣí i kúrò. Obìnrin àgbà ni, kò lágbára púpọ̀. Kó kàn gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ kan tó kù, kí oníkálukú wọn sì padà sí ilé tí kò sí ẹni tó ń dáhùn.

"Ismaeel," ni ìyá rẹ̀ pè.

"Mo ń bọ̀," ni Rìnsọ́lá dáhùn, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ níparí. Dókítà Ògúnbáyọ̀ ò ṣí ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.